Ṣé O Mọ̀? Ìyanu Ìwádìí Ìlera, Láti Bantè àti Savalou Títí Dé Òkè Òkun

Ṣé o mọ̀ pé orílẹ̀-èdè Benin ni ìbejì ti pọ̀ jù lọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè 75 tí àwọn olùwádìí Jeroen Smits àti Christiaan Monden yẹ ìbímọ ibẹ̀ wò? Nínú ìbímọ 1,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28 tó jẹ́ ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Éṣíà kò rí tó 10. Ọdún 2011 ni èsì náà jáde.

Má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o! Ní Igbó-Ọrà, lápá Nàìjíríà, dókítà P. P. S. Nylander ti ka nǹkan bí 45 nínú 1,000 ṣáájú ìgbà yẹn.

Ṣé iṣu ló fà á? Ìwọ tí o máa ń jẹ iṣu tuntun ní Savalou ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo rí ọ. Àwọn onímọ̀ ti fura sí iṣu tipẹ́, ẹ̀rí tó dájú kò tíì jáde. Ohun tó dájú ni pé ìbejì tiwa sábà máa ń wá láti inú ẹyin méjì tó jáde lára ìyá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwọ tó ń ṣa kajú ní Bantè ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé kajú àti máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ jẹ́ ẹbí kan náà, àti pé ewéko kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sá fún nínú igbó, poison ivy, jẹ́ ìbátan wọn? Oró inú epo èèpo kajú, tó máa ń bó ọwọ́ àwọn tó ń fọ́ ọ, jọ oró inú ewéko náà gan-an.

Bantè kan, Savalou kan, ṣùgbọ́n ẹkùn ìlera kan ṣoṣo! Savalou-Bantè jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn ìlera 34 tí Benin pín ara rẹ̀ sí, láti Tchetti títí dé Pira.

Ta ló rántí ṣòbìà? Ní 1986, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ló ń ṣe lọ́dún kan. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni wọ́n rí tó ní in ní gbogbo ayé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé kò sí oògùn tó ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, àti ìkìlọ̀ lójoojúmọ́ pé kí ẹni tó ní in má ki ẹsẹ̀ bọ odò, ni wọ́n fi lé e jáde.

Ta ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ṣòbìà nínú àwa mẹ́ta yìí, Nàìjíríà, Togo àti Benin? Benin ni, ní 2009! Togo tẹ̀ lé e ní 2011, Nàìjíríà ní 2013. Bí ọmọ ilé rẹ kò bá mọ ohun tí ṣòbìà jẹ́, lọ bi ìyá àgbà. Yóò sọ fún un pé kòkòrò náà lè gùn tó mítà kan, pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wé e mọ́ igi lójoojúmọ́ kí ó má baà já sínú ara.

Ó sì máa ń lò tó ọdún kan nínú ara kí onítọ̀hún tó mọ̀ rárá. Omi tí o mu léṣìí ló ń bá ọ jà lónìí.

Ọ̀pá ni òṣùwọ̀n oògùn! Nígbà tí wọ́n bá ń pín ivermectin lábúlé nítorí àrùn etí odò tó ń fọ́ni lójú, wọn kì í gbé ọ sórí ìwọ̀n. Wọ́n á ní kí o dúró ti ọ̀pá: bí gíga rẹ bá dé sẹ̀ǹtímítà 159, oògùn mẹ́rin ni tìrẹ. Ọmọ tí kò tó 90 kò ní gba ọ̀kankan.

Níbo ni oògùn ọ̀hún ti wá? Nínú yẹ̀pẹ̀ ni o! Satoshi Omura bù ú nítòsí pápá gọ́ọ̀fù kan ní Japan, wọ́n rí ohun abẹ̀mí tíntìntín kan nínú rẹ̀, òun àti William Campbell sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tó nílò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń gbé àrùn yẹn kiri lè bá afẹ́fẹ́ rìn tó kìlómítà 500. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì ọ̀nà Savalou sí Kútọnu! Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè méje, Benin pẹ̀lú, fi para pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun tì í ní 1974, tí hẹlikópítà sì máa ń fọ́n oògùn sínú odò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà náà.

Orílẹ̀-èdè wo ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí àjọ ìlera àgbáyé, OMS, fọwọ́ sí pé àrùn náà ti tán níbẹ̀? Aládùúgbò wa Niger ni, ní oṣù Kìíní 2025.

Benin náà kò jókòó lásán. Ní 2021, wọ́n fọwọ́ sí i pé àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń fà kì í ṣe ìṣòro ìlú mọ́ níbí. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ó tún kan trakóómà, àrùn ojú tó ń yí ìpéǹpéjú sínú títí irun rẹ̀ á fi máa ha ẹyinjú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìdáàṣà, tí kò jìnnà sí Savalou, ni àwọn ará Àgbómẹ̀ ti gbé Sakpata wá, òun náà ni àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná. Ṣé o mọ̀ pé àrùn òrìṣà yẹn nìkan ni àrùn ènìyàn tí aráyé tíì pa run pátápátá? Ọdún 1980 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Àìtó abẹ́rẹ́ ló sì jẹ́ kí wọ́n rí ọgbọ́n rẹ̀! Ní oṣù Kejìlá 1966, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, dókítà William Foege kò ní abẹ́rẹ́ tó máa kárí ìlú. Ó wá ilé tí àrùn wà rí, ó gún àwọn tó yí i ká, ṣànpọ̀nná sì dúró. Nígbà tí ọdún 1970 fi máa parí, kò sí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́.

Kí ló mú dókítà wọ ẹgbẹ́ awo? Oguntola Sapara, dókítà ọmọ Yorùbá ní Èkó, ló wọ ẹgbẹ́ Ṣọ̀pọ̀ná lọ kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí bí àrùn náà ṣe ń tàn. Ohun tó rí wà lára ohun tó mú kí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà. Mo ka irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ kún ìwádìí gidi.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò lè kúrò nínú yìnyín, àbí? Ní oṣù Kọkànlá 2012, ní Banikoara ní àríwá Benin, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yírùnyírùn tó ń jẹ́ MenAfriVac kiri láìsí yìnyín. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ooru 40°C, kò sì ní bàjẹ́! Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Áfíríkà, ènìyàn tó lé ní 150,000 ló sì gbà á. Ìwọ̀n tí ènìyàn kan ń gbà kò tó ààbọ̀ dọ́là nígbà náà.

Ṣé o fẹ́ iṣẹ́ tó jẹ́ oorun nìkan? Ní Covè, níhìn-ín ní Benin, àwọn ọkùnrin máa ń sùn sínú ahéré ìwádìí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí àwọn onímọ̀ lè ka ẹ̀fọn tó wọlé, èyí tó ráyè mu ẹ̀jẹ̀, àti èyí tó kú.

Kí sì ni omi ń ṣe yí ahéré náà ká? Nítorí èèrà ni! Bí kò bá sí kòtò omi yẹn, èèrà á ti kó òkú ẹ̀fọn lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ìṣirò á sì dàrú. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kó jọ síbí.

Gbogbo àwọ̀n ẹ̀fọn kò rí bákan náà. Ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, láàárín àwọn tó lé ní 200,000, àwọ̀n tí wọ́n fi oògùn méjì sí, pyrethroid àti chlorfenapyr, dín ibà àwọn ọmọdé kù ní 46% láàárín ọdún méjì ju àwọ̀n olóògùn kan lọ. Manfred Accrombessi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde nínú The Lancet ní 2023. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pín àwọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, wo ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

Ibà lè dúró de ọmọ kí a tó bí i! Ní Tori-Bossito, níbi tí wọ́n ti tọpa ọmọ bíi 600 láti ọjọ́ ìbí, àwọn tí ibà ti wọ ibi ọmọ ìyá wọn ni ibà tètè kọ lù. Aboyún tó ń lo oògùn ibà ní ilé ìwòsàn, ẹni méjì ló ń tọ́jú.

Ó ti pẹ́ tí ìwé ti ń sọ pé irú ibà kan, Plasmodium vivax, kò lè mú ọ̀pọ̀ jù lọ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé ohun tó máa ń gbá mú lára ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Duffy, kò sí lára tiwa. Ní 2016, níbo ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ pé ó ti ń wọlé? Lára àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Benin!

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024: ọjọ́ yẹn ni Benin, Liberia àti Sierra Leone jọ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ wọn ní abẹ́rẹ́ ibà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ọjọ́ kan ṣoṣo.

Lọ sí Sicily, ní Ítálì, kí o yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní arọmọléegun wò: àfàìmọ̀ kí o má bá orúkọ Benin níbẹ̀! Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà àbùdá tó ń fa àìsàn yìí, tí a tún ń pè ní SS, ni gbogbo onímọ̀ ayé ń pè ní "Benin", ó sì ti rìn dé Algeria àti Sicily.

Ǹjẹ́ ọmọ SS lè dàgbà dáadáa láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá? Ní Kútọnu, Mohamed Cherif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọmọ 236 tí àìsàn náà ti hàn léèmọ̀. Wọ́n kọ́ àwọn òbí, wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ń dènà ibà àti kòkòrò àrùn: 10 péré ló kú. Ìwé ìmọ̀ tó ń jẹ́ Blood tẹ̀ ẹ́ ní 2003. Ìyá tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò ní pẹ́ láyé, jọ̀wọ́, ka ìlà yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Egbò ńlá tí kì í dun ni? Ó wà! Kòkòrò tó ń fa egbò Buruli máa ń tú oró tó ń pa ìmọ̀lára jáde, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń fojú di í títí yóò fi jẹ apá tàbí ẹsẹ̀.

Nígbà kan, ọ̀bẹ nìkan ni wọ́n mọ̀ fún un. Ní Pobè, Annick Chauty àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi oògùn méjì, rifampicin àti streptomycin, tọ́jú ènìyàn 224 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ara 215 yá, 102 nínú wọn kò sì rí ọ̀bẹ rárá.

Dúró ná, kò tán. Streptomycin yẹn, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni, ó sì lè ba etí jẹ́. Ní 2020, ìwádìí kan tí Pobè àti ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Ghana jọ ṣe fi hàn pé oògùn tí a ń gbé mì lásán ṣiṣẹ́ bákan náà: 96% ló san lọ́dọ̀ àwọn tó gbé e mì, 95% lọ́dọ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo obìnrin ló ń ṣí i sílẹ̀ fún ewu! Kútọnu wà lára ìlú tí wọ́n ti dán jẹ́ẹ̀lì nonoxynol-9 wò bóyá ó lè dènà kòkòrò HIV. Ní 2002, èsì jáde pé àwọn tó ń lò ó léraléra ló tún ń kó o jù. Èsì tí kò dùn yẹn gba ẹ̀mí là, nítorí pé OMS kìlọ̀ pé kí a má lò ó fún HIV mọ́.

Eku kan wà tí ọmú rẹ̀ lè tó 24! Òun ló ń gbé ibà Lassa kiri. Lassa jẹ́ ìlú kékeré kan ní Nàìjíríà, níbi tí nọ́ọ̀sì Laura Wine ti ṣàìsàn ní 1969. Àrùn náà dé Benin náà, ní Tanguiéta ní 2014 àti Tchaourou ní 2016. Da nǹkan bo gàrí rẹ.

Ta ló wo onímọ̀ Jordi Casals sàn nígbà tí ibà Lassa mú un ní Amẹ́ríkà? Ẹ̀jẹ̀ Lily Pinneo ni, nọ́ọ̀sì tó ṣe àìsàn náà ní Nàìjíríà tó sì yè é.

Bí o bá ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rí, ohun tó ti ara ọkùnrin Ghana kan ṣẹ̀ wá wà lára rẹ. Asibi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 28. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní Kpeve ní oṣù Kẹfà 1927, ara rẹ̀ sì yá. Max Theiler ló sọ kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yẹn di abẹ́rẹ́ 17D, ó sì gba Nobel ní 1951.

Asibi yè, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ìdí àrùn náà kò yè: Adrian Stokes kú ní Èkó ní 1927, Hideyo Noguchi àti William Young kú ní Accra ní 1928. Mo máa ń rántí wọn nígbà tí mo bá mú káàdì àjẹsára dání ní ẹnubodè.

Ejò ṣán ọ, o kò mọ irú ejò tó jẹ́? Dókítà lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò dígí tó mọ́, kí ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dì, oró paramọ́lẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó gba kí o tètè dé ilé ìwòsàn.

Ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n lè gba ìyá là! Ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, wọ́n fi í sábẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láti mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, wọ́n sì ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Jàǹbá ńlá láti ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ dídà lọ sílẹ̀ ní 60%. Èsì 2023 ni.

Káàdì tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ rẹ sílẹ̀ lóṣooṣù, ṣé òkè òkun lo rò pé wọ́n ti ronú rẹ̀? Ìmẹ̀sí-Ilé ni, nítòsí Iléṣà! David Morley ló ṣe é láti inú iṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1950.

Ènìyàn jẹun tán, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ń gbọ̀n, kò lè rìn tààrà. Ní Ìkàrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, lásìkò òjò, Bola Adamolekun tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kòkòrò kan tí wọ́n ń yan jẹ, tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara. Kí ni oògùn rẹ̀? Fítámì B1 náà ni.

Àwọn babaláwo wa ti ń fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè kí ìwé tó sọ ọ́. Ní 1960, Raymond Prince kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Reserpine wà nínú igi náà, oògùn tí àwọn dókítà òyìnbó náà ń lò nígbà yẹn.

Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Adeoye Lambo ní kí aláìsàn ọpọlọ má gbé inú ọgbà títì. Ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo ayé sì wá wò ó.

Bí a ṣe ń jìnnà sílé ni ẹ̀jẹ̀ ń ru sí i! Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú: ìfúnpá gíga dé 16% ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26% ní Caribbean, 33% ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1997. Awọ ara kò yí padà, ìgbé ayé ló yí.

Ọpọlọ ńkọ́? Láàárín ọdún kan, nínú 1,000 àgbàlagbà, àrùn ìgbàgbé tuntun mú bíi 13 tàbí 14 ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, ó sì mú 32 nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ní Djidja, níhìn-ín ní Benin, nínú àgbà 502 tí wọ́n yẹ̀ wò, kò ju bí 2.6% tó ní in.

Ní Tanvè, nítòsí Àgbómẹ̀, láti 2015 ni wọ́n ti ń padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà kan náà láti mọ bí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ṣe. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mo sì fẹ́ kí a rí i ní Bantè náà.

Ní 2008, wọ́n ka gbogbo àbùdá ara ọmọ Yorùbá kan láti Ìbàdàn láti orí dé ìdí, lára àwọn àkọ́kọ́ láyé. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀: NA18507 ni wọ́n ń pè é. Ṣáájú ìyẹn, nínú ènìyàn 270 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya àwòrán àbùdá aráyé, 90 jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn.

Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan, òun ni mo fi pamọ́ fún ọ. Ṣé o mọ̀ pé Benin ní òfin kan, ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2010, tó wà fún ìwádìí ìlera nìkan? Bí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn rẹ ní Gouka, ní Akpassi tàbí ní Logozohè, o lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Bi í ní kí ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe ní èdè tí o gbọ́, kí ó sì sọ ọjọ́ tí yóò padà wá sọ èsì fún ọ.